Ẹja Wo Ni Ó Lè Bá Èwo Gbé Pọ̀?

Ní ọjọ́ kan a ra ẹja wá sílé. A ti gbé àpótí gíláàsì sí pálọ̀ kó tó di ọjọ́ náà, a sì ti pọn omi kànga kún inú rẹ̀. Inú àwọn ọmọ dùn débi pé wọn ò rántí oúnjẹ alẹ́. Mẹ́ta nínú àwọn ẹja náà jẹ́ aláwọ̀ wúrà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní goldfish. Mẹ́rin jẹ́ ẹja wẹ́wẹ́ tí ìrù wọn rí bí abẹ̀bẹ̀. Ìlú Ìbàdàn la ti ra àwọn méjèèje. Ìkẹjọ jẹ́ ọmọ àrọ̀ kan tí gígùn rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹnì kan tó ń sin ẹja ní Àpòmù ló fi ta wá lọ́rẹ. A da gbogbo wọn pọ̀ sínú omi kan náà. A ní, ṣé kì í ṣe ẹja ni gbogbo wọn ni?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹja wẹ́wẹ́ méjì ni a rí. Ní ọjọ́ kejì ẹyọ kan ló kù. A wo abẹ́ àpótí, a wo ẹ̀yìn àga, a fi ẹ̀sùn kan ológbò aládùúgbò wa. Ní ọjọ́ kẹrin ẹja wẹ́wẹ́ tán pátápátá, ìrù ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ wúrà sì ti já. Omi náà wá ń rú bí omi ògì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àrọ̀ nìkan ló wà nínú àpótí, ó ń fi irùngbọ̀n rẹ̀ wá ohun tí yóò tún jẹ káàkiri. Owó ti lọ. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ wa sunkún títí ó fi sùn.

Nígbà tí a ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ kan, a dúró ní Aṣéjìre, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta ẹja lẹ́bàá títì. A sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá àgbà kan tí a máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀.

A ní, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ẹ wò ó, kí ló pa ẹja wa?”

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé yìí! Ẹ ti ológbò àti eku mọ́ yàrá kan, ẹ wá ń bi mí pé níbo ni eku gbà lọ?”

Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí a sì ń dán an wò nínú ilé. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ará wa ní Ìkirè àti Àpòmù, nítorí a ti rí i pé àwọn èèyàn púpọ̀ sí i ń gbé àpótí ẹja sí pálọ̀, sí ṣọ́ọ̀bù, àti sí ilé ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ náwó sí i, kí owó náà má wọmi bíi tiwa.

Gbogbo wa la mọ ìtàn ọjà Àpòmù. Láyé àtijọ́ ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé láti ná ọjà. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìjà kan bẹ́ sílẹ̀ nínú ọjà náà láàrin ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé lórí iye ataare ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjà ataare yìí wà lára ohun tó fa ogun tó pa ìlú Òwu run. Ó kéré tán, ẹni tí ọjà kò bá rọ̀ lọ́rùn lè di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Ẹja tó wà nínú àpótí gíláàsì kò ní ilé mìíràn tí yóò sá lọ. Bí ẹ bá ti da òun àti ọ̀tá rẹ̀ pọ̀, àfi kó dúró títí ọ̀tá yóò fi pa á. Nítorí náà ẹni tó ra ẹja ni ó gbọ́dọ̀ rò ó kó tó da wọ́n pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu. Òfin àkọ́kọ́ láàrin ẹja kò le rárá: èyí tó bá gba ẹnu mi wọlé, oúnjẹ mi ni. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá a. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja méjì lè gbé pọ̀, ẹ wo ẹnu èyí tó tóbi, kí ẹ sì wo ara èyí tó kéré. Bí ara èyí bá lè gba ẹnu tọ̀hún kọjá, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín pé, “Àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa.” Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọdé ni gbogbo wọn. Ìwọ̀n tí ẹja yóò ní bó bá dàgbà ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ìwọ̀n tó wà lónìí. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní oscar, láti odò Amásónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Bí wọ́n bá ń tà á, kò ju ìka kan lọ, ojú rẹ̀ sì dára bí ojú ọmọ ajá. Bó bá dàgbà, ó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí í ṣe gígùn rúlà tí àwọn ọmọ ń gbé lọ sílé ìwé. Gbogbo ẹja wẹ́wẹ́ tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò gbé mì.

Àrọ̀ tiwa náà bẹ́ẹ̀ ni. Bí àyè àti oúnjẹ bá wà, àrọ̀ lè gùn ju mítà kan lọ. Òru ló máa ń jẹun, ìdí nìyẹn tí a kò fi rí i mú nígbà tó ń ṣọṣẹ́. Àrọ̀ a tilẹ̀ máa jẹ ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ọmọ àrọ̀ fún títà. Wọn á sọ fún yín pé láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àwọn kan á ti tóbi ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣútà ni wọ́n ń pe irú àwọn bẹ́ẹ̀. Bí wọn ò bá tètè ṣa àwọn ṣútà kúrò, wọn á jẹ àwọn kékeré tán. Ṣíṣà yìí ni iṣẹ́ tó gba wàhálà jù lọ nínú sísin àrọ̀.

Ṣé àrọ̀ kò wá lè bá ẹja kankan gbé ni? Ó lè bá a gbé, ṣùgbọ́n nínú odò ẹja lẹ́yìnkùlé ni, kì í ṣe nínú àpótí pálọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí ó lè mú oúnjẹ àti owó wá fún ẹni tó ní ilẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ẹpìyà, ẹja pẹlẹbẹ tí ẹ̀gún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹpìyà kì í ṣe ẹja tó nira láti sìn. Ohun kan ṣoṣo ló burú nínú rẹ̀: ó máa ń bímọ jù. Nínú irú èyí tí àwọn olùsìn ẹja fẹ́ràn jù, abo ló ń kó ẹyin rẹ̀ sí ẹnu. Ó gbé ẹyin náà sẹ́nu títí wọ́n á fi pa, ó sì tún ń jẹ́ kí àwọn ọmọ sá padà sẹ́nu rẹ̀ bí ewu bá dé. Nítorí ìtọ́jú yìí, ọmọ rẹ̀ kì í sábà kú. Kò tíì dàgbà dáadáa tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí bímọ. Láàrin oṣù díẹ̀, odò ẹja yóò kún fún ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń bá àwọn òbí wọn du oúnjẹ. Kò sí èyí tí yóò tóbi mọ́. Olóko á da odò gbẹ, ẹja tí kò tó fi se ọbẹ̀ ni yóò rí kó.

Ibẹ̀ ni àrọ̀ ti wúlò. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń da àrọ̀ díẹ̀ sáàrin ẹpìyà púpọ̀. Àrọ̀ á máa jẹ àwọn ọmọ tó pọ̀ jù, àwọn àgbà ẹpìyà á sì rí àyè tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ẹpìyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sínú omi. Ó di ìgbà tí ẹpìyà bá ti tóbi díẹ̀ kí wọ́n tó da àrọ̀ tó kéré jù wọ́n lọ sí i. Ẹni tó bá fi àrọ̀ ṣáájú, tàbí tó da àrọ̀ ńlá bá ọmọ ẹpìyà, àrọ̀ nìkan ni yóò kó bí ìgbà ìkórè bá dé. Ẹ sì mọ odi odò náà ga díẹ̀, nítorí bí òjò bá rọ̀, àrọ̀ a máa wọ́ jáde lórí ilẹ̀ bí ejò. Ó ní ohun kan lọ́rùn tó fi ń mí afẹ́fẹ́, kò sì tètè kú bó bá wà lókè ilẹ̀.

Ẹja ilẹ̀ wa kan tún wà tí kò yẹ kó bá ẹnikẹ́ni gbé. Òun ni ojìjí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án nínú àwọ̀n rí, kò ní gbàgbé. Iná mànàmáná ló wà nínú ara rẹ̀. Bó bá dàgbà, iná náà lè ju 300 fóòtì lọ, bẹ́ẹ̀ iná tó ń wọ ilé wa jẹ́ nǹkan bí 230. Iná tirẹ̀ kì í pẹ́ lára ènìyàn, kì í sì í sábà pa àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n òun ni ojìjí fi ń mú ẹja jẹ. Ẹ fi ojìjí sílẹ̀ sínú odò.

Ó kù kí a sọ ti àwọn ẹja tó yẹ àpótí gíláàsì. Ohun tó ya wá lẹ́nu jù ni pé nínú àwọn ẹja tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà fún ẹ̀ṣọ́ ilé, díẹ̀ wà tó jẹ́ pé odò ìhà gúúsù Nàìjíríà ni orísun wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní kribensis. Wọ́n fi ìlú Kribi tó wà ní Kamẹrúùnù sọ ọ́, àmọ́ odò wẹ́wẹ́ ilẹ̀ tiwa gan-an ló wà. Akọ rẹ̀ lè gùn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, abo kò tó bẹ́ẹ̀. Bí abo bá fẹ́ yé, ikùn rẹ̀ á pọ́n bí ẹyìn tó pọ́n. Ó fẹ́ràn kó máa gbé inú ihò. Ìdajì èèpo àgbọn tí ẹ dá ihò sí létí, tàbí àpáàdì ìkòkò tí ẹ dojú rẹ̀ dé, ti tó fún un, ẹ ò ní láti ra ilé ẹja olówó ńlá. Inú ihò náà ni yóò yé sí. Ẹyin á pa ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan sí i, bàbá àti ìyá á kó àwọn ọmọ jáde bí adìyẹ ṣe ń kó òròmọdìyẹ. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan yóò fẹ́ tún un rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́mọ a máa bínú. Ní ìgbà tí kribensis bá ní ọmọ, yóò lé gbogbo ẹja tó bá sún mọ́ ihò rẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi ẹja mìíràn tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi sí i nínú àpótí kékeré. Ẹ fi èyí tó ń gbé òkè omi sí i. Ohun kejì tí a kọ́ nìyí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu: inú omi dà bí ilé alájà mẹ́ta. Àwọn ẹja kan ń gbé ìsàlẹ̀, àwọn kan ń gbé àárín, àwọn kan kì í kúrò lókè. Bí ẹ bá pín wọn sí àjà ilé wọn, ìjà á dín kù.

Ẹja òkè omi tí a yàn fún tiwa ni ẹja kékeré kan tí wọ́n ń pè ní gardneri. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ni ilẹ̀ rẹ̀, ó wà ní ìhà Cross River àti odò Bẹ́núè. Kò gùn tó 7 sẹ̀ǹtímítà. Ara akọ rẹ̀ ń dán bí irin, àmì pupa sì wà lára rẹ̀. Akọ méjì kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà nínú àpótí kékeré, nítorí náà akọ kan pẹ̀lú abo méjì ni a rà. Ẹ rántí ìdérí o! Ẹja yìí a máa fò. A kò dé tiwa dáadáa ní ọjọ́ kan, orí kápẹ́ẹ̀tì la ti bá ọ̀kan, ó ti gbẹ.

Ẹja òkè omi mìíràn wà ní ilẹ̀ wa tí a fún ní orúkọ labalábá, nítorí apá rẹ̀ tẹ́ bí ìyẹ́. Ó máa ń dúró jẹ́ẹ́ lábẹ́ ojú omi, ó ń dúró de kòkòrò tó bá já lulẹ̀. Ẹ ju èsúnsún sí i, ẹ ó rí nǹkan. Ẹja tó dára ni, àmọ́ ẹnu rẹ̀ tóbi, kò sì yẹ kó bá gardneri gbé. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà tún nìyẹn.

Ti àwọn ẹja òkèèrè kò pọ̀ lẹ́nu wa. Goldfish, láti ilẹ̀ Ṣáínà, fẹ́ràn omi tó tutù ju tiwa lọ. Ó máa ń tóbi, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, òun nìkan ni kí ẹ sìn, nínú ohun èlò tó tóbi. Betta ti ilẹ̀ Thailand lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n akọ méjì nínú omi kan, ọ̀kan yóò kú. Neon, ẹja kékeré aláwọ̀ búlúù àti pupa láti odò Amásónì, kì í ṣe ẹja tí à ń ra ẹyọ kan rẹ̀. Bí kò bá tó mẹ́fà, ẹ̀rù á máa bà á, yóò sì máa rù. Omi tí kò ní iyọ̀ ilẹ̀ púpọ̀ ni neon fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní molly ní tirẹ̀, omi tó ní iyọ̀ ilẹ̀ dáadáa ló fẹ́. Àwọn méjèèjì kì í bára wọn jà rárá, síbẹ̀ wọn ò yẹ ara wọn, nítorí omi tó wo èyí sàn lè pa èkejì. Ìbéèrè kẹta tí a kì í rò nìyẹn: ṣé omi kan náà ni wọ́n ń mu ní ilẹ̀ baba wọn? Àwọn ẹja oníru abẹ̀bẹ̀ tí àrọ̀ wa jẹ, guppy ni orúkọ wọn. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, owó wọn kò sì wọ́n. Bí ẹ kò bá ṣe irú èyí rí, ẹ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ má da wọ́n pọ̀ mọ́ kribensis, nítorí yóò máa gé ìrù gígùn wọn jẹ.

Nígbà tí a sọ fún ìyá ẹlẹ́ja wa ní Aṣéjìre pé a tún fẹ́ gbìyànjú, ó ní, “Omi ńkọ́? Ẹ ti bi mí nípa ẹja, ẹ ò bi mí nípa omi.”

Òótọ́ ló sọ. Kì í ṣe àrọ̀ nìkan ló pa àwọn aláwọ̀ wúrà wa. Omi náà wà níbẹ̀. Ẹja ń tọ̀, ó sì ń yàgbẹ́ sínú omi tó ń mu. Lára ẹja àti inú ẹ̀gbin rẹ̀ ni oró kan tí wọ́n ń pè ní amóníà ti ń jáde. Nínú odò, omi ń ṣàn lọ. Nínú àpótí, kò sí ibi tó ń lọ. Ọlọ́run wá dá àwọn kòkòrò kan tí ojú ò lè rí, wọ́n ń gbé ara òkúta, ara yanrìn àti inú asẹ́ omi. Àwọn kan ń sọ amóníà di oró mìíràn, àwọn kan tún ń sọ ìyẹn di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó nínú àpótí tuntun. Ẹni tó da ẹja mẹ́jọ sínú omi tuntun ní ọjọ́ kan, bí a ti ṣe, ó dà wọ́n sínú oró ni. Ẹja méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ máa fún wọn ní oúnjẹ díẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ apá kan nínú omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fọ asẹ́, omi tí ẹ bù nínú àpótí náà ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹ má fi ọṣẹ fọ nǹkan kan nínú rẹ̀ láé.

Níbo ni ẹ ó ti rí omi? Omi ẹ̀rọ ní oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú, ó sì lè pa ẹja pẹ̀lú. Ẹ bu ú sínú korobá tí kò ní ìdérí, kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó lò ó. Omi kànga dára bí kànga náà kò bá sún mọ́ ṣáláńgá, tí kò sì sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fún gbágùúdá. Omi gbágùúdá ní oró, ẹni tó ń ṣe gààrí mọ̀ pé kò sí ẹja tó ń gbé inú rẹ̀. A kì í fi omi odò Ọ̀ṣun sí i mọ́ ní tiwa. Àwọn tó ń wa wúrà lápá òkè odò ti sọ ọ́ di pupa bí ẹrẹ̀, débi pé ní ọdún 2022 ìkìlọ̀ jáde kí ọdún Ọ̀ṣun tó bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo pé kí ènìyàn má mu ún.

Àpótí tí a ń lò báyìí gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó sì ga ní 30. Bí ó bá kún, 54 lítà ni, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì àti díẹ̀ sí i. Omi inú rẹ̀ nìkan wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, nítorí náà ẹ má gbé e sórí tábìlì tó ń mì. Ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, omi á di àwọ̀ ewéko. Omi wa kì í tutù jù, nítorí náà ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná tí àwọn òyìnbó ń lò kò pọn dandan níhìn-ín, àfi bí ọyẹ́ bá mú gan-an, kí ẹ fi aṣọ bo àpótí náà lóru.

Iná ìjọba ni ìṣòro tiwa. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi á dákẹ́. Bí ẹja bá pọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí yọ ẹnu sókè omi bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ohun tí a ṣe ni pé a dín iye ẹja kù. Kribensis méjì, gardneri mẹ́ta, ó parí. Ẹja tí kò pọ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ní ìnira bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tí iná kì í sí ládùúgbò rẹ̀ rárá lè sin betta kan ṣoṣo, nítorí ó lè mí afẹ́fẹ́ láti òkè omi bí àrọ̀ ti ń ṣe. Bí ẹja bá ń yọ ẹnu, ẹ fi ife bu omi náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, léraléra. Atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò pẹ́. Tanwíji tó wà nínú omi agbada jẹ́ oúnjẹ àdídùn fún wọn, ẹ ó sì ti fi bẹ́ẹ̀ dín ẹ̀fọn kù. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàrin ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fún wọn. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ àti àlejò. Ní ilé wa, ọmọ kan da dòdò Ìkirè sí omi, ó ní ẹja náà jẹ́ ará Ìkirè, kí wọ́n jẹ oúnjẹ ìlú. Epo bo ojú omi, ata sì wà nínú rẹ̀. Ìdajì omi ni a dà nù ní ọjọ́ náà.

Ẹja tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ kọ́kọ́ fi sínú korobá ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ máa wò ó bóyá àrùn wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dà á sínú omi, ẹ gbé ọ̀rá rẹ̀ lé ojú omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ máa bu omi díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀rá náà, kí ara rẹ̀ lè mọ omi náà.

Bí ẹja kan bá sì sú yín ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kí a dà á sí odò, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n da ẹja ńlá kan sínú adágún Victoria ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 fi máa parí, ọ̀pọ̀ irú ẹja kékeré tí kò sí níbòmíràn láyé ti di àwátì nínú adágún náà. Odò wẹ́wẹ́ tiwa ń ṣàn lọ sínú Ọ̀ṣun, omi Aṣéjìre sì ni àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń jẹun. Ẹ fún ẹlòmíràn tó ní àpótí, tàbí kí ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Àrọ̀ wa ńkọ́? A dá a padà fún ẹni tó fún wa ní Àpòmù. Ó wò ó, ó ní, “Kí lẹ fún un jẹ tó fi sanra báyìí?” A kò dáhùn. Ní oṣù tó kọjá, abo kribensis wa kó ọmọ jáde lábẹ́ èèpo àgbọn. Ọmọ wa tó sunkún ní ọjọ́sí ló kọ́kọ́ rí wọn kó tó lọ sílé ìwé. Ó ka wọ́n dé mọ́kànlélógún, wọ́n yí padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.